Iná Tó Jó Òkú Gram Parsons

Àwa mẹ́ta la jọ wo fíìmù náà lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan: èmi, àbúrò mi ọkùnrin, àti ìyàwó rẹ̀. Fallen Angel ni wọ́n pè é. Gandulf Hennig, ará Jámánì, ló ṣe é lọ́dún 2004 nípa Gram Parsons, olórin Amẹ́ríkà tó kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1973, lẹ́ni ọdún 26. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń ròyìn bí wọ́n ṣe dáná sun òkú rẹ̀, àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó bọ́ síta.

Mi ò bá ẹni tó rẹ́rìn-ín wí. Phil Kaufman, tó ń ṣe kòkáárí ìrìn-àjò Parsons, mọ ìtàn í sọ. Níbi ìsìnkú Clarence White, olórin kan tí ọkọ̀ pa ní oṣù Keje ọdún náà, àwọn méjèèjì ti ṣèlérí pé ẹni tó bá ṣáájú kú, kí èkejì gbé e lọ sí aṣálẹ̀ Joshua Tree ní California, kó sun ún níbẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọtí àti mọfíìnì pa Parsons sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní agbègbè aṣálẹ̀ náà gan-an. Kaufman àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan yá mọ́tò tí wọ́n fi ń gbé òkú, wọ́n fi irọ́ gba pósí ní pápákọ̀ òfurufú Los Angeles, níbi tí wọ́n ti fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Louisiana. Wọ́n gbé e dé aṣálẹ̀, wọ́n da epo bẹntiróò sí i, wọ́n ṣáná. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, owó pósí nìkan ni ilé ẹjọ́ rí gbà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú owó ìtanràn. Òfin ibẹ̀ mọ iye tí pósí tó, kò mọ iye tí òkú tó.

“Bọ̀dá mi,” ni ìyàwó àbúrò mi wí nígbà tó padà wọlé, “ta ló bi ìyàwó rẹ̀ léèrè?” Nígbà tí bàbá tirẹ̀ kú, wọ́n ti sin ín kí òun tó dé.

Hennig ló bi í léèrè. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iṣẹ́ gidi ni fíìmù yìí. Ó jẹ́ kí Gretchen, opó olóògbé, sọ̀rọ̀, ó sì jẹ́ kí a mọ ilé tí ọmọ náà ti wá. Ọlọ́rọ̀ ni ìdílé ìyá rẹ̀, oko ọsàn ní Florida ló sọ wọ́n di ẹni ńlá. Ọmọ ọdún 12 ni Gram nígbà tí bàbá rẹ̀ pa ara rẹ̀, nígbà tí Kérésìmesì ku ọjọ́ méjì. Ọtí pa ìyá rẹ̀ ní 1965, lọ́jọ́ tí ọmọ ń gba ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ girama. Orúkọ ọkọ ìyá rẹ̀ ló ń jẹ́ Parsons. Ẹni tó bá gbọ́ èyí tán, ẹ̀rín iná yẹn yóò kú lẹ́nu rẹ̀.

Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ẹni tó wo fíìmù yìí kò rántí ju iná lọ. Ọdún 1968, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ onírun gígùn àti àwọn olólùfẹ́ orin kọ́ńtìrì kò fojú rere wo ara wọn, ọ̀gbẹ́ni yìí wọ ẹgbẹ́ The Byrds, ó sì fà wọ́n dé Nashville lọ gba àwo Sweetheart of the Rodeo sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí Emmylou Harris, tó kọ́ orin kọ́ńtìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò sì fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ títí dòní. Àwa tí rédíò fi Jim Reeves àti Don Williams tọ́ dàgbà láàárọ̀ Sunday, etí wa ti mọ ìbànújẹ́ inú irú orin bẹ́ẹ̀. A ò nílò ògbufọ̀.

Ìyókù òkú rẹ̀ wà ní itẹ́ òkú kan nítòsí New Orleans. Grievous Angel, àwo tí òun àti Harris jọ kọ gbẹ̀yìn, jáde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1974. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó wo fíìmù náà.