Ìgbàgbọ́ Tí A Ti Jìyà Fún

Ọgọ́rùn-ún ọdún ni ó gba Ìjọ Áńgílíkà láti yí ọkàn padà lórí ọ̀rọ̀ olóbìnrin púpọ̀. Ní 1888, àwọn bíṣọ́ọ̀bù péjọ ní Lambeth ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì pinnu pé a kò gbọdọ̀ ṣe ìrìbọmi fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó di ìpàdé ti 1988, wọ́n gbà pé a lè ṣe é fún un, pẹ̀lú àwọn aya àti ọmọ rẹ̀ tí ó gbàgbọ́, bí ó bá ṣe ìlérí pé òun kò ní fẹ́ òmíràn kún wọn. Wọ́n sì fi kún un pé a kò gbọdọ̀ fi ipá mú un lé aya kankan.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Colenso ti Natal ti wí i kí ọdún 1888 tó dé. Ní Èkó, àwọn tí a yọ kúrò nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì nítorí ọ̀ràn yìí dá ìjọ Ẹlẹ́jà sílẹ̀ ní 1917.

A máa ń sọ pé àìmọ̀kan ni ó ń mú kí ènìyàn rọ̀ mọ́ èrò àtijọ́, pé bí a bá là á lọ́yẹ, yóò jọ̀wọ́ rẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a fi ìran han Pétérù ní Jópà, síbẹ̀ ó tún fà sẹ́yìn kúrò nídìí oúnjẹ àwọn Kèfèrí ní Áńtíókù. Ta ni yóò pe Pétérù ní aláìmọ̀kan?

Ìyá àgbà kan wà ní Igbótako nígbà tí mo jẹ́ àlùfáà ọ̀dọ́. Òun ni ìyàwó kejì. Ọkọ rẹ̀ dá a padà sí ilé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì, kí ọkùnrin náà lè ṣe ìrìbọmi. Kò fẹ́ ẹlòmíràn. Pupuru ni ó ń tà lọ́jà tí ó fi tọ́ àwọn ọmọ náà, ó sì di onígbàgbọ́ tòótọ́. Nígbà tí mo ka ìpinnu tuntun náà ní ìpàdé àwọn ìyá, òun ni ó takò ó jù lọ.

Ó ní, “Àlùfáà, ọmọ mi, bí kì í bá ṣe Ọlọ́run ni ó béèrè rẹ̀, ta ni ó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi?”

N kò rí èsì fọ̀. Òfin àtijọ́ náà ni ó fi ń túmọ̀ ìyà rẹ̀. Bí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìyà náà yóò ṣẹ́ kù láìnídìí. Ẹ̀bẹ̀ ni ó yẹ kí ó ṣáájú àlàyé lọ́dọ̀ irú wọn. Mo tún ìpinnu 1988 náà kà nígbà tí mo délé: kò sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ fún àwọn obìnrin tí a ti lé.