Èèwọ̀ Yàtọ̀ sí Ìkà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà lásán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gírámà yóò yọjú níbẹ̀. Òwe kan ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò: "Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi fẹ́ràn òwe yìí púpọ̀. Bí a bá ti ń jíròrò lórí àṣà, ẹnìkan kò ní ṣàì fi í gbe ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ pé kò sí ohun tó burú fúnra rẹ̀: ohun tí ìlú kan bá pè ní ibi ni ibi fún wọn, ohun tí wọ́n bá sì pè ní ire ni ire.

N kì í bá wọn jà, nítorí ìdí wà tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ wọ́n létí. Àwọn tó wá fi òṣùwọ̀n tiwọn wọn àwọn baba wa kò wọ̀n wọ́n dáadáa. Ẹ wo Èṣù. Nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orúkọ Èṣù ni wọ́n fi dípò Sátánì. Bí òrìṣà tí ń ṣọ́ oríta, tí ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, ṣe di orísun gbogbo ibi lẹ́nu ọmọ Yorùbá fúnra wọn nìyẹn. Àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn ní Amẹ́ríkà náà rí irú ewu yìí. Ní ọdún 1947, nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń múra ìkéde ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tó jáde ní 1948 sílẹ̀, ẹgbẹ́ wọn kọ̀wé sí àjọ náà. Melville Herskovits, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí Dahomey ti jáde ní 1938, ló ṣáájú kíkọ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé inú àṣà kọ̀ọ̀kan ni òṣùwọ̀n ire àti ibi ti ń jáde, kí a má ṣe fi ti àwọn ènìyàn kan de gbogbo ayé lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tún òwe wa kà. Èèwọ̀ ló dárúkọ. Kò sọ pé "bí a ti ń ṣe nílé wa, ìkà ibòmíràn ni." Ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí.

Èèwọ̀ ní onílé. À ń sọ pé "èèwọ̀ ìdílé wa ni", "èèwọ̀ ìlú yìí ni". Ẹmu jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn olùsìn Ọbàtálá. Aládùúgbò wọn tí kì í sin òrìṣà náà lè mu ún títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ wá gbìyànjú láti fi ìkà sí ipò kan náà: "Ìkà ìdílé wa ni láti lu ọmọ aláìlóbìí; ní ìdílé tiyín, kì í ṣe ìkà." Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ọmọdé kò mọ̀, síbẹ̀ ẹni tó gbọ́ Yorùbá yóò dákẹ́, yóò sì béèrè ohun tí ẹ fẹ́ sọ gan-an.

Ẹ tún wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń bá wọn rìn. A máa ń sọ pé ènìyàn jẹ èèwọ̀. Ó lè dá nìkan jẹ ẹ́ nínú yàrá rẹ̀. Ìkà ní tirẹ̀, a ń hù ú sí ẹnìkan ni. Ẹni tó hù ú wà, ẹni tí wọ́n hù ú sí náà gbọ́dọ̀ wà. Ibi sì tún yàtọ̀ sí méjèèjì, nítorí ibi lè wá láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀: ikú, àrùn, òfò. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń sọ pé tibi tire la dá ilé ayé. N kò gbọ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìkà.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè parí ẹjọ́ tó tóbi tó báyìí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sínú ìtàn, síbi òwò ẹrú, níbi tí a ti sábà máa ń gbọ́ pé "bí ayé ìgbà náà ṣe rí nìyẹn."

Ní Ìbàdàn ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹrú ló ń ro oko àwọn olóyè. Nígbà tí Ààrẹ Látòósà dìde sí Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aniwúrà, olówó ẹrú, ní 1874, ẹ̀sùn mẹ́ta ló kà sí i lọ́rùn: kò bá òun lọ sógun, kò fi ohun ìrànlọ́wọ́ ránṣẹ́, kò sì wá pàdé òun nígbà tí òun ń bọ̀. Kò sí èyí tó kan ẹrú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá jáde ní 1970, ìyà ẹrú ló wà láàárín ọ̀rọ̀, ẹrúbìnrin kan sì ní orúkọ níbẹ̀: Adétutù. Akẹ́kọ̀ọ́ mi yóò ní, "Ẹ ò rí i, sà? Òṣùwọ̀n ti yí padà."

Ó yí padà fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n ìgbà ẹrú fúnra rẹ̀ ní ohùn mìíràn, ohùn náà sì wà nínú òwe: "Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́; ọmọ kú, ìyá bú sẹ́kún; ẹrú náà ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀." Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò dúró de àlejò kankan kó tó mọ̀ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú òun kò dára. Ẹ rántí Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn pẹ̀lú ìyá rẹ̀, tí wọ́n sì yà wọ́n nípa. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí wọ́n fi kó o sínú ọkọ̀ ojú omi ní Èkó ní 1822, kí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á. Ọdún 1846 ni òun àti ìyá rẹ̀ tó tún fojú kanra, ní Abẹ́òkúta. Ìyá yẹn kò nílò òṣùwọ̀n ti 1970 láti mọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ọmọ ìgbà náà ni òun pẹ̀lú. Bí a bá ń sọ pé "òṣùwọ̀n ìgbà náà", òṣùwọ̀n àwọn tó ń rà là ń sọ. A kò bi àwọn tí wọ́n ń tà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sínú ìwé fún mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mọ̀lẹ́bí wa pàdé láti yan ẹni tí yóò jẹ olórí agboolé. Wọ́n dárúkọ ọkùnrin kan, ẹgbẹ́ mi, ẹni tó tún òrùlé ilé ńlá ṣe, tó sì náwó nára síbi ìsìnkú àwọn àgbà wa. Bàbá wa kan rọra ní, "Ìyá bàbá àgbà rẹ̀, owó la fi rà á." Ilé pa lọ́lọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àyè. Mo ní, "Bàbá, kẹ́ ẹ má bínú. Ẹni tó rà á ńkọ́? Ṣé òun kò ṣẹ̀ ni?" Wọ́n wò mí tàánú-tàánú: "Ọmọ mi, bí ayé ìgbà náà ṣe rí nìyẹn." Mo ní, "Ẹ forí jì mí, sà. Bí ayé ìgbà náà bá ti dárí ji ẹni tó rà, kí ló dé tí kò tíì tú ọmọ ẹni tí wọ́n rà sílẹ̀?"

Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ẹlòmíràn ni wọ́n yàn. Ọkùnrin náà ṣì ń fi owó ẹbí ránṣẹ́ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n kò wá sí ìpàdé mọ́.

Ibi tí mo ti rí àléébù ọ̀rọ̀ "bí ayé ìgbà náà ṣe rí" gan-an nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló máa ń dá láre. Ó ń bo ẹni tó hùwà, ó sì ń fi àbàwọ́n sílẹ̀ lára ẹni tí wọ́n hùwà sí, títí dé ìran kẹrin.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé àṣà ni, ẹ bi í léèrè: ṣé èèwọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí, àbí ìkà? Bí ó bá jẹ́ èèwọ̀, ẹ jẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan pa tirẹ̀ mọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹnìkan wà tí wọ́n ń hù ú sí, ẹ wá ẹni náà rí, kẹ́ ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Àwọn tó sọ Èṣù di Sátánì mú ohun tó yàtọ̀ sí tiwọn, wọ́n pè é ní ibi. Àwa náà mú ìkà, a pè é ní àṣà.

Iṣẹ́ àṣetiléwá wà fún yín o. Ẹ bi àwọn àgbà yín bóyá nínú ẹ̀ka èdè tiyín, ìbáà jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, Ìlàjẹ tàbí Kétu, a lè sọ pé ohun kan jẹ́ ìkà nílé kan, tí kì í sì í ṣe ìkà nílé kejì. Bí ẹ bá rí i, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ire o.