Ta Ló Ń Buwọ́ Lu Ọ̀rọ̀ Ẹranko?

Ẹni tó lè fẹjọ́ sùn ni òfin máa ń tètè gbọ́ tirẹ̀. Ẹranko kò lè fẹjọ́ sùn, kò sì lè dìbò. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ronú lórí ẹni tí a fi ṣe agbẹnusọ fún un, àti ẹni tó ń ṣọ́ agbẹnusọ náà.

Orílẹ̀-èdè Íńdíà ni mo fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí. Rukmini Devi Arundale, oníjó ńlá tó dá ilé ẹ̀kọ́ ijó Kalakshetra sílẹ̀, wọ ilé aṣòfin àgbà ní 1952. Ó gbé àbá òfin kalẹ̀ láti dènà ìwà ìkà sí ẹranko. Olórí ìjọba, Jawaharlal Nehru, bẹ̀ ẹ́ pé kó fà á sẹ́yìn, ó ní ìjọba fúnra rẹ̀ yóò gbé òfin tirẹ̀ wá. Obìnrin náà gbà. Òfin jáde ní 1960; ní 1962 wọ́n dá Ìgbìmọ̀ Ìtọ́jú Ẹranko sílẹ̀, òun náà ni wọ́n sì fi ṣe alága àkọ́kọ́. Sùúrù rẹ̀ jọ mí lójú.

Abala kẹwàá òfin náà ni mo fẹ́ ká farabalẹ̀ wò. Ìgbìmọ̀ lè ṣe ìlànà tó bá tọ́ lójú rẹ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ìlànà ọ̀hún yóò wà níwájú ilé aṣòfin méjèèjì fún 30 ọjọ́, kí ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe tàbí wọ́gi lé e lè rí àyè. Àwọn òfin tó de ọlọ́jà àti ẹni tó ń fọkọ̀ kó ẹran, ìjọba ló ń ṣe wọ́n. Ìmọ̀ràn ni ti Ìgbìmọ̀.

Àwọn kan ka èyí sí ìdè. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sin màlúù jẹun náà lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀. Àpẹẹrẹ kan ni ti oṣù Karùn-ún 2017, nígbà tí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká gbé òfin jáde pé wọn ò gbọdọ̀ ta màlúù fún pípa mọ́ ní ọjà ẹran. Àgbẹ̀ tí wàrà màlúù rẹ̀ ti gbẹ, níbo ni yóò tà á sí? Kí oṣù náà tó parí, ilé ẹjọ́ gíga Madras ti dá a dúró. Ní oṣù Keje, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ mú ìdádúró náà kárí orílẹ̀-èdè.

Ìgbìmọ̀ náà kì í sì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Òun ló dúró níwájú ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ láti tako jallikattu, eré tí àwọn ọ̀dọ́ Tamil Nadu fi ń dì mọ́ iké akọ màlúù. Ó jàre ní 2014. Ní oṣù Kínní 2017, èrò kún etíkun Marina ní Chennai, wọ́n ní àṣà àwọn kò gbọdọ̀ parun. Ìpínlẹ̀ náà tún òfin ṣe kí eré náà lè máa wáyé, ilé ẹjọ́ sì fọwọ́ sí àtúnṣe ọ̀hún ní 2023. Àánú àwọn akọ màlúù yẹn ṣì ń ṣe mí, ṣùgbọ́n ojú gbangba ni ọ̀rọ̀ náà gbà kọjá.

Ibòmíràn ló ń dùn mí. Abẹ́ iléeṣẹ́ tó ń rí sí ẹja, ẹran ọ̀sìn àti wàrà ni wọ́n fi Ìgbìmọ̀ sí báyìí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pé kí ẹran àti wàrà pọ̀ sí i, ṣé òun ló yẹ kó máa buwọ́ lu ohun tí yóò dín ìnira ẹran kù? Kò yẹ. Ní oṣù Kejì 2023, Ìgbìmọ̀ rọ aráàlú pé kí wọ́n dì mọ́ màlúù ní ọjọ́ 14. Iléeṣẹ́ náà ní kí wọ́n fà á sẹ́yìn, ọjọ́ náà kò tíì pé tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ yá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lu ẹran nílùkulù, òfin 1960 ní kó san owó tí kò ju rupee 50 lọ fún ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́, iye yẹn náà ló sì wà níbẹ̀ nígbà tí iléeṣẹ́ kan náà gbé àbá àtúnṣe síta ní 2022. Ó ti lé ní 60 ọdún. Ìgbìmọ̀ lè gba ìjọba nímọ̀ràn lórí owó náà. Kò lè fi rupee kan kún un.