Òkúta ni ilé, omi kọ́: bí mo ṣe kó ẹja òkun mẹ́ta lọ sí tánkì ńlá

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ ti ń bi mí pé, "Àwọn ẹja yẹn ńkọ́? Ṣé wọn ò tíì kú?" Ẹ fara balẹ̀, mo máa sọ gbogbo ẹ̀. Ó gùn díẹ̀ o, ẹ wá ibi jókòó sí.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni ẹja. Wọ́n lọ sí Kánádà lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì fi tánkì omi iyọ̀ wọn sílẹ̀ fún mi ní pálọ̀ wa ní Surulere. Lítà 150, ẹja mẹ́ta, àti òkúta òkun tó tó kílò 20.

Méjì nínú ẹja náà jẹ́ irú Nemo inú fíìmù yẹn. Ẹ̀kẹta jẹ́ irú Dory. Aláró là ń pè é, torí àwọ̀ ẹ̀ dà bí aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ìkòkò aró jáde.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe òfófó díẹ̀. Irú Nemo yìí, akọ ni gbogbo wọn máa ń kọ́kọ́ jẹ́. Èyí tó bá tóbi jù, tó ń pàṣẹ fún àwọn tó kù, ló máa ń di abo. Tó bá kú, ọkọ ẹ̀ á yí padà, òun náà á di abo. Ìdí nìyẹn tí tiwa tó tóbi fi ń jẹ́ Ìyálóde. Ọkọ ẹ̀ ò lórúkọ, "ọkọ Ìyálóde" náà ni.

Aláró ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ń dàgbà. Irú ẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ẹja tó ń rìn káàkiri sì ni nínú òkun. Tánkì wa ò ju sẹ̀ǹtímítà 90 lọ. Á lúwẹ̀ẹ́ lọ, á kan dígí, á yí padà, á tún kan dígí. Láti àárọ̀ dalẹ́. Màmá mi wò ó títí, wọ́n ní, "Ẹja yìí ń ṣe bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé."

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fídíò. Wọ́n ní, "Tà wọ́n. Wàhálà ẹ ti pọ̀ jù." Àmọ́ wọn ò wo ojú mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà ló ti sọ fún wa pé ilé táwọn ń gbé lọ́hùn-ún tóbi ju tiwa lọ, ó móoru, ó mọ́, àmọ́ oorun ò kun àwọn. Èmi ò lè ta ẹja wọn mọ́ wọn lẹ́yìn.

Mo kó owó tí mo rí níbi fídíò ìpolówó méjì, mo ra tánkì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 150. Lítà 400. Màmá mi pariwo: "Gbogbo owó yìí, lórí ẹja tí a ò lè sè!" Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́."

Lítà omi kan, kílò kan ni. Ẹ fi kílò 400 ka iwájú yín, ẹ fi dígí àti òkúta kún un. Ilẹ̀ la ń gbé, a ò gbé òkè, ẹ bá mi dúpẹ́. Wẹ́dà ṣe ìjókòó onírin fún un, bíríkìlà àdúgbò sì bá mi fi ìwọ̀n wọn yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó dọ́gba. Tánkì tó bá dagun, ẹ̀gbẹ́ kan ni gbogbo ẹrù omi máa wà. Dígí ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ: "Ṣebí òkun wà l'Ékòó, lọ bù ú." Rárá o. Lásìkò òjò, omi ọ̀sà tó ń ya wọ òkun máa ń dín iyọ̀ etíkun kù, ìdọ̀tí ìlú sì ń bá a wọlé. Omi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ sẹ́ dáadáa la fi ń pò ó, pẹ̀lú iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún tánkì ẹja. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o. Lítà kan ń gba bíi gíráàmù 35 tàbí kó lé díẹ̀. Lítà 250 ni mo pò, ó gbà ju kílò 8 lọ. Pọ́ǹpù ń rò ó di ọjọ́ kejì, títí ìwọ̀n iyọ̀ ẹ̀ fi di 1.025, tí ooru ẹ̀ sì bá ti tánkì àtijọ́ mu ní dígírì 26.

Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé omi àtijọ́ ló ń dá ẹja sí. Omi kọ́. Ẹja ń jẹ, ẹja ń yàgbẹ́, amóníà ń jáde lára ẹ̀, amóníà sì máa ń pa á. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ló ń sọ amóníà yẹn di náítráìtì, tí àwọn mìíràn tún ń sọ ọ́ di náítréètì tí kò lè pa ẹja kíákíá. Díẹ̀ ló wà nínú omi lásán. Inú ihò wẹẹrẹ wẹẹrẹ tó wà lára òkúta ni wọ́n fi ṣe ilé.

Torí náà, tánkì lè tóbi bí ààfin, kí omi ẹ̀ mọ́ gaara, tí òkúta yẹn bá gbẹ lójú ọ̀nà, ikú lẹ kó ẹja yín lọ bá. Ohun tó ń gbé inú òkúta á kú, á jẹrà, á tún di amóníà.

Ọjọ́ Sátidé ni mo ṣe é. Mo fa omi àtijọ́ sínú àwọn dúrọ́ọ̀mù tó mọ́, mo kó òkúta sínú ẹ̀, kò sí èyí tó yọrí síta. Òkúta la máa kọ́kọ́ kó, torí tó bá ti kúrò, ẹja ò ríbi sá sí mọ́. Abọ́ ike ni mo fi gbé Aláró, kì í ṣe àwọ̀n: ẹ̀gún kan wà nídìí ìrù ẹ̀ tó mú bí abẹ, àwọ̀n máa ń há a. Mo kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú garawa, mo bò ó, torí ẹja lè fò jáde. Yanrìn àtijọ́, mo fi sílẹ̀. Ìdọ̀tí ọdún mélòó kan ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Tuntun ni mo fọ̀. Nínú tánkì ńlá, mo gbé òkúta ka ìsàlẹ̀ gan-an kí n tó da yanrìn yí i ká, kó má baà yẹ̀.

Mo ń da omi lọ́wọ́ ni iná lọ.

Jẹnẹrétọ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mo ní pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì kan, àmọ́ garawa méjì ló wà. Ooru ti mú, omi tó bá gbóná kì í sì gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ mọ́ra. Aláró bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Mo pa kámẹ́rà, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù.

Màmá mi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n gbé àpótí, wọ́n jókòó ti garawa Aláró, wọ́n fi ife bu omi, wọ́n ń dà á padà láti òkè kí afẹ́fẹ́ lè bá a wọlé. Wọ́n bù, wọ́n dà. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé, "Ẹ̀yin ọmọ ọlọ́mọ yìí, ẹ má kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹni tó ni yín ń bọ̀ wá bèèrè yín." Bíi ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ṣe é. Wọn ò jẹ́ kí n gba ife.

Nígbà tí iná dé, mo fi omi tánkì tuntun kán sínú garawa díẹ̀díẹ̀ títí méjèèjì fi bára mu, mo wá tú wọn sílẹ̀. Aláró lúwẹ̀ẹ́ dé ibi tí dígí máa ń wà tẹ́lẹ̀, ó yí padà. Ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà kẹta, kò yí padà mọ́.

Ìyálóde ní tiẹ̀ ò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ihò tó máa ń sùn sí lára òkúta ló lọ tààrà, ọkọ tẹ̀ lé e.

Ẹ̀gbọ́n mi ń wò ó lórí fídíò. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n wá ní, "Òkúta yẹn náà nìyẹn?"

Mo ní, "Òun náà ni, ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n ní, "Ó dáa."

Mo yẹ omi wò lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Amóníà: 0. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹun. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan ládùúgbò ń lọ sí Kánádà, Mọ́mì sì fi ẹrù rán sí ẹ̀gbọ́n mi: èlùbọ́, gàrí, àti aṣọ ìbora àtijọ́ tí wọ́n fi ń sùn nílé yìí. Mo ní, "Mọ́mì, aṣọ ìbora wà lọ́hùn-ún o." Wọ́n ní kí n panu mọ́.

Ẹ da ìbéèrè yín sílẹ̀, mo máa dáhùn. Àmọ́ ẹni tó bá tún bi mí bóyá wọ́n ṣeé fi jẹ ẹ̀bà, Mọ́mì ló máa dá a lóhùn.