Ilẹ̀ Tí À Ń Rà àti Ilẹ̀ Tí À Ń Dà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò fún nǹkan méjì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́dún yìí. Ilẹ̀ ni à ń rà láti fi kọ́lé. Ilẹ̀ náà ni à ń gbá láàárọ̀ tí à ń kó lọ dà nù. Ní Ìjòkó tí mò ń gbé, tí mo sì ti ń kọ́ ọmọ ní ilé-kéwú, kò sí ẹni tí kò mọ iye tí wọ́n ń ta ilẹ̀ àkọ́kọ́. Ìkejì kò ní olówó, kò sì ní ibùjókòó. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ìjọba tí kò bá fi àyè sílẹ̀ fún ìdọ̀tí nígbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀ ilé, yóò máa lé ìdọ̀tí kiri títí ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí Ìjòkó ṣe rí. Ilẹ̀ Àwórì ni, oko ló sì pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú irin tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta gba ibẹ̀ kọjá, fún ọ̀pọ̀ ọdún sì ni ọkọ̀ ojú irin fi kó òṣìṣẹ́ láti Ìjòkó lọ sí Èkó ní ìdájí, tó sì ń dá wọn padà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí owó ilé Èkó bá ti wọ̀ lọ́rùn, ibí ló ń sá wá. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà ní Ọ̀tà, Sàngó àti Àgbárá náà ń fa èrò. Ọdún 1989 ni wọ́n dá Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 2006, àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ 526,565. Ẹni tó bá mọ Ìjòkó lónìí yóò mọ̀ pé a ti pọ̀ ju ti ìgbà náà lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pín ilẹ̀ fún gbogbo èrò yìí? Ẹbí tó ni ilẹ̀ á pe awọnlẹ̀, á gé oko sí púlọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ bàtà 60 ní 120. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká odindi á ra ààbọ̀. Ohun tí wọ́n bá fi sílẹ̀ fún títì kì í ju ibi tí ọkọ̀ kan lè gbà lọ. Láyé àwọn baba wa, kò sí agbo ilé tí kò ní ààtàn. Ẹ̀yìnkùlé ló máa ń wà, adìyẹ àti ewúrẹ́ ń jẹ níbẹ̀, ohun tó bá sì jẹrà ń di ajílẹ̀ fún ilá àti ẹ̀fọ́. Àwọn àgbà ní àkìtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Ṣùgbọ́n kí àkìtàn tó lè gba ẹ̀gbin, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní àyè tirẹ̀.

Ní àdúgbò tiwa, igun kan wà nínú àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fi hàn wá nígbà tí à ń rà, tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò ní kọ́lé sí. Ẹgbẹ́ àwọn onílé ti gbà pé ibẹ̀ ni a ó máa kó ìdọ̀tí jọ sí kí ọkọ̀ tó wá kó o. Ní ọjọ́ kan la rí búlọ́ọ̀kù níbẹ̀. Wọ́n ti tà á! A pe ìpàdé, a lọ bá àwọn tó tà á, wọ́n ní ilẹ̀ baba àwọn ni. Ilé ti wà níbẹ̀ báyìí, ẹni tó kọ́ ọ kò sì ṣẹ̀ wá, nítorí owó ló fi rà á. Láti ìgbà náà, gọ́tà ni àkìtàn wa. Bí òjò bá ti ṣú, olúkúlùkù á gbé garawa rẹ̀ jáde láti da ìdọ̀tí sínú àgbàrá. Àwọn mìíràn ń sun tiwọn. Èéfín ọ̀rá tó ń jó máa ń wọ kíláàsì wa wá, ó sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí mo ti dá ẹ̀kọ́ dúró nítorí ikọ́ àwọn ọmọdé.

Ta ló yẹ kó bójú tó èyí? Òfin Ìlò Ilẹ̀ tí ìjọba ológun gbé jáde ní 29 oṣù Kẹta ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì fún ìjọba ìbílẹ̀ ní agbára lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgboro. Dìkíríì 88 ti ọdún 1992 ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àjọ tirẹ̀ tí yóò máa ṣètò ilẹ̀. Ní ọdún 2003, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú wà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 sì ka kíkó ìdọ̀tí àti ṣíṣe gọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tí àṣẹ ètò ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta, ẹni tó yẹ kó kó ìdọ̀tí wà ní Ọ̀tà, ẹni tó ń ta ilẹ̀ sì jókòó sídìí igi ní Ìjòkó. Kí àwọn méjì àkọ́kọ́ tó fojú kan ara wọn, ẹni kẹta ti gba owó. Láyé ìjọba Gómìnà Ibikunle Amosun (2011–2019), ètò kan wà fún àwọn tó ti kọ́lé láìgba ìwé láti wá gba ìwé wọn. Ó ṣe onílé láǹfààní, ṣùgbọ́n ìwé kò lè dá ààtàn tí wọ́n ti kọ́lé lé padà.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, kí ó bi àwọn ará Ìbàdàn. Ní 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo ilé, ó sì gbé ènìyàn tó ju 100 lọ. Òjò náà pọ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ti gba ọ̀nà omi, ìdọ̀tí sì ti dí èyí tó kù. Ní 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ẹ̀kún omi tún pa àwọn tó ju 100 lọ ní ìlú náà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé kò yẹ kí àwa ará Ọ̀tà máa sunkún ìdọ̀tí. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin àlòkù di irin ìkọ́lé wà lọ́dọ̀ wa. Ike omi ní ẹni tó ń rà á. Wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń fọ̀ ọ́, ó sì ń di nǹkan mìíràn. Èèpo iṣu àti ajẹkù ń di ajílẹ̀. Ní Ìbàdàn, wọ́n dá ibi tí wọ́n ti ń fi ìdọ̀tí ọjà ṣe ajílẹ̀ sílẹ̀ ní Bódìjà ní ìparí àwọn ọdún 1990. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti ọmọlanke kiri láti ṣa irin àti ike ń ṣe iṣẹ́ ńlá fún wa, síbẹ̀ ẹ̀bá ojú irin àti ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ti ń to ẹrù wọn, nítorí kò sí àyè tí a yà sọ́tọ̀ fún wọn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àtúnlò ló yẹ kó wà láàrin ilé. Bátìrì ọkọ̀ ní òjé nínú, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, òjé inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ láàrin ilé pa ọmọ tó ju 400 lọ. Ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé àti ilé-ẹ̀kọ́. Ta ni yóò pinnu bí ó ṣe jìnnà tó, bí kò ṣe ẹni tó ń ṣètò ilẹ̀?

Àbá mi kò pọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, kí ìjọba má ṣe fọwọ́ sí àwòrán ilẹ̀ kankan tí kò bá yọ púlọ́ọ̀tì 1 sílẹ̀ fún ìdọ̀tí nínú 100, kí ìwé rẹ̀ sì wà lórúkọ ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹbí má lè tún un tà. Lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n bò ó lórí, kí wọ́n dá sìmẹ́ńtì sílẹ̀ rẹ̀, kí irin, ike àti ajẹkù ní ààyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí àwọn aṣàrin sì ti máa ṣe iṣẹ́ wọn níbẹ̀. Ní 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. A fẹ́ rí ipa ìdájọ́ náà ní ojú gọ́tà wa.

Lẹ́ẹ̀kẹta, kí àwa náà ṣe tiwa. Ní ilé tèmi, garawa méjì la ń lò. Èèpo àti ajẹkù ń lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa. Ike àti agolo, ọlọ́mọlanke ń wá rà á. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹ́kù fún dídànù kò ju àpò kékeré kan lọ lọ́sẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ni ẹ ó ra ilẹ̀ lọ́la. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé: níbo ni a ó máa da ilẹ̀ sí? Bí kò bá rí i fi hàn yín, ẹ má tíì san.