Ìdáǹdè Nìkan Kọ́ Ni Ìpadàbọ̀

Kò sí ọmọ Kétu tí kò mọ ohun tí ọdún 1886 jẹ́ fún wa. Ní ọdún náà ni ogun Dàhòmì fọ́ ìlú wa, tí wọ́n sì kó àwọn baba àti ìyá ńlá wa lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Ní òpin ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Faransé wọ Àgbómẹ̀, ọ̀nà ilé sì là fún àwọn tí ó kù. Ṣùgbọ́n ahoro ni wọ́n padà bá. Ọdún 1894 ni Alákétu tó tún gun orí ìtẹ́. Àárín ọdún méjèèjì yìí ni ọkàn mi máa ń lọ sí: ẹrú ti dòmìnira, ìlú kò sì tíì dìlú.

Èmi náà gbé irú àárín bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe akọ̀wé ní iléeṣẹ́ kan ní Kútọnu. Ọ̀gá wa kì í pe orúkọ mi. "Ará oko" ni ó ń pè mí níwájú àwọn oníbàárà. Bí mo bá sọ̀rọ̀, yóò sín mi jẹ, àwọn yòókù yóò sì rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tí kò bá bá a rẹ́rìn-ín ni ọ̀rọ̀ yóò kàn lọ́la. Nígbà tí mo fi ibẹ̀ sílẹ̀, mo rò pé ó parí. Fún oṣù púpọ̀, bí tẹlifóònù bá dún, àyà mi á já. Oorun kò kùn mí mọ́. Ẹsẹ̀ mi ti kúrò níbẹ̀, orí mi kò tíì kúrò.

Mo wá sí Kétu lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Wọn kò bi mí léèrè ohunkóhun. Láràárọ̀, bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn, wọn á pè mí ní Àbẹ̀kẹ́, wọn á sì ki oríkì ìdílé wa títí dé orí àwọn tí a kó lọ àti àwọn tí ó padà wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú máa ń tì mí, àfi bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń kì. Nígbà tí ó yá, mo ń dúró gbọ́ ọ tán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo jẹ́ wọn lóhùn sókè. Wọ́n wò mí, wọ́n ní: "Àbẹ̀kẹ́, káàbọ̀." Mo sì ti lo oṣù mẹ́rin nílé wọn.

Ẹ̀yin ará wa, bí ọmọ yín bá bọ́ lọ́wọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má kánjú bi í pé ìgbà wo ni yóò rí òmíràn. Àwọn tí ó padà sí ahoro Kétu kò fi ọjọ́ kan tún un kọ́. Wọ́n mọ̀ pé ìlú tí kò ní ọba kò tíì dúró, wọ́n sì fi Alákétu jẹ. Ènìyàn náà ní orí tí a ti lé kúrò lórí ìtẹ́. Ẹ pe ọmọ náà lórúkọ, ẹ kì í, kí ẹ sì ní sùúrù.