Bí A Ti Ń Ṣe Ní Ilé Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ilé ibòmíràn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí. Mo sì fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Síbẹ̀, mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí n tó mọ bí ó ti wúwo tó. Ilẹ̀ àwọn Zulu ní Gúúsù Áfíríkà ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Kì í ṣe afẹ́ ni ó gbé mi dé ibẹ̀. Àkọ́bí mi ọkùnrin ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Durban fún ọdún mẹ́sàn-án. Ní ọdún 2012, ó ránṣẹ́ sí mi pé òun ti rí ẹni tí òun yóò fẹ́, ọmọbìnrin Zulu kan láti ìdílé Khumalo, ó sì bẹ̀ mí pé kí n wá. Ìyá rẹ̀ ti ṣaláìsí, èmi nìkan ni ó kù tí yóò dúró fún un. Mo kó aṣọ òfì méjì sínú àpótí. Nínú ọkàn mi, mo ti ń rí i bí ọmọ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn àna, tí èmi yóò sì dìde sọ ọ̀rọ̀ àgbà. Nígbà tí mo sọ èyí fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ wo bí wọ́n ti ń ṣe é níhìn-ín." Bí a ti dé abúlé àṣà nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Kẹsàn-án ni a gbéra. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù náà ni àwọn ará Gúúsù Áfíríkà fi ń ṣe àjọ̀dún ogún ìbílẹ̀ wọn. Ní ilẹ̀ Zulu, ọjọ́ ìrántí Shaka ni wọ́n ti ń pè é tẹ́lẹ̀. Bí a ti kúrò ní Durban tí a kọjú sí àríwá, oko ìrèké ni ó tẹ́ lọ rẹrẹ ní ọ̀tún àti ní òsì títí a fi sún mọ́ Eshowe. Nítorí ìrèké yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ará Íńdíà wá sí Natal ní ọdún 1860, tí wọ́n fi àdéhùn dè wọ́n mọ́ oko.

Abúlé àṣà pọ̀ ní orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn gan-an ni Shakaland, nítòsí Eshowe. Kì í ṣe ìlú tí ẹnikẹ́ni tẹ̀ dó láyé àtijọ́. Wọ́n kọ́ ọ láti fi ya sinimá Shaka Zulu, èyí tí ó jáde lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọdún 1986, tí Henry Cele ṣe Shaka nínú rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ sinimá parí, wọ́n sọ ọ́ di ibi tí àlejò ń wọ̀ sí. Àwa náà wo sinimá yìí ní Nàìjíríà. Mo rántí pé ọmọ mi yìí kan náà a máa fi ọmọrí ìkòkò ìyá rẹ̀ ṣe apata. Abúlé tí a lọ kò gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀. N kò sì ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ẹni tí mo bá pàdé níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe ti àwọn tí ó ni ín.

Ní ẹnu ọ̀nà, amọ̀nà wa dá wa dúró. Kò lè ju ẹni ọdún márùndínlógójì lọ. Ó so ibheshu, awọ tí àwọn ọkùnrin Zulu fi ń bo ìdí, mọ́ ara. Ó ké sí àwọn ará ilé pé àlejò dé, a sì dúró títí wọ́n fi dá a lóhùn. Àwa àlejò tó bí ogún, èmi àti ọmọ mi nìkan ni ó jẹ́ dúdú láàárín wọn. Àwọn ilé náà yí ọgbà màlúù ká. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n fi koríko bò láti òkè dé ilẹ̀, ni wọ́n fi kọ́ wọn. Bí a bá wò wọ́n lókèèrè, wọ́n dà bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹnu ọ̀nà wọn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí bí ènìyàn ti ga tó tí kò ní tẹrí ba kí ó tó wọlé. Ilẹ̀ inú ilé ń dán, ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n fi pa á, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti máa ń ṣe láyé àtijọ́. Ọkùnrin jókòó ní ọ̀tún, obìnrin ní òsì. Ọwọ́ ẹ̀yìn pátápátá, tí wọ́n ń pè ní umsamo, ti àwọn bàbá ńlá tí ó ti kú ni.

Wọ́n gbé ọtí wá nínú ìkòkò dúdú tí wọ́n fi ọmọrí híhun dé. Ọkà bàbà àti àgbàdo ni wọ́n fi ń pọn ọtí náà. Onílé kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí ó tó gbé e fún àlejò. Mo mi orí mi, nítorí èyí kò ṣàjèjì sí mi. Lẹ́yìn náà ni ìlù bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń gbé ẹsẹ̀ sókè kọjá orí, tí wọ́n sì ń fi í gbá ilẹ̀. Fọ́tò ni àwọn àlejò ń yà ṣáá. Obìnrin kan bi amọ̀nà léèrè bóyá ibẹ̀ ni ó ń gbé. Ó ní rárá, Eshowe ni òun ń gbé, ọkọ̀ akérò ni òun sì ń wọ̀ wá sí ibi iṣẹ́. Ojú obìnrin náà rẹ̀wẹ̀sì, bí ẹni pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan lobola, ìyẹn màlúù tí ọkọ ń san fún àwọn ará ilé ìyàwó, amọ̀nà ní mọ́kànlá ni: mẹ́wàá fún bàbá, ọ̀kan fún ìyá. Ó wá ń bi àwọn ọkùnrin léèrè pé màlúù mélòó ni wọ́n san lórí ìyàwó wọn. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín, èmi náà kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, mo tọ amọ̀nà lọ. Ó ti wọ ṣòkòtò àti ṣẹ́ẹ̀tì, ó jókòó sábẹ́ igi. Bí ó ti rí mi, ó dìde, ó ní, "Baba." Àyà mi já, mo rò pé Yorùbá ni ó ń sọ. Ó ní baba ni àwọn náà ń pe bàbá. Mo sọ ohun tí ó gbé mi wá fún un, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní, "Baba, ohun tí a lè sọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo sọ fún wọn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jókòó."

Ohun àkọ́kọ́ tí ó sọ dùn mí. Ó ní n kò gbọdọ̀ lọ. Ọkọ ìyàwó kì í lọ, ó sì tọ́ kí bàbá rẹ̀ náà dúró sílé. Àwọn agbẹnusọ tí wọ́n ń pè ní abakhongi ni à ń rán. Wọn a dé ní kùtùkùtù, wọn a dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọn a máa ké izithakazelo ìdílé náà títí a ó fi ní kí wọ́n wọlé. Bí ó ti ṣàlàyé izithakazelo, mo kígbe pé oríkì orílẹ̀ ni! Ó ní fún àwọn Khumalo, Mntungwa ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè. Lẹ́yìn náà ni wọn a san imvulamlomo, owó tí àwọn àgbà ilé yóò fi la ẹnu, gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń san owó ìṣílẹ̀kùn. Ó tún ní bí ó bá di ọjọ́ tí a bá pè mí, bí mo bá ti wọlé, kí n wá ibi jókòó kíákíá, nítorí ẹni tí ó dúró gagaaga lé àgbà lórí kò bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí a ti ń ṣe ní ilé wa nìyẹn! Ọmọ Yorùbá wo ni yóò wọ ilé àna tí yóò sì fìdí lélẹ̀ láìtíì kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀?

Mo bi í bóyá òun ti gbéyàwó. Ó wo ilẹ̀. Ó ní ọdún kẹjọ nìyí tí òun ti ń san màlúù náà ní owó, ó ku mẹ́rin. Obìnrin náà àti ọmọ méjì tí ó bí fún un ṣì wà nílé bàbá rẹ̀. "Ijó tí ẹ rí yẹn, Baba, màlúù ni mò ń fi í wá." N kò lè fèsì. Láàárọ̀, mo ti ń sọ nínú ọkàn mi pé eré lásán ni wọ́n ń ṣe. Ẹ wá wo ẹni tí mo rò pé ó ń fi àṣà ṣeré, tí ó jẹ́ pé àṣà náà gan-an ni ó ń ru.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo kà nínú ìwé pé iye màlúù náà pàápàá, òfin ìjọba ni ó dè é. Ní ọdún 1869, Theophilus Shepstone, Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Natal, ni ó ṣe òfin pé màlúù tí mẹ̀kúnnù yóò san kò gbọdọ̀ ju mẹ́wàá lọ, yàtọ̀ sí ti ìyá. Òté ni ó ṣe kí iye náà má baà ga jù, ṣùgbọ́n òté yìí ni ó di ìwọ̀n. Lónìí, tí owó oṣù kò tó ra màlúù kan fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, wọ́n ní àṣà àwọn baba ni.

Ọjọ́ tí àwọn agbẹnusọ wa lọ, inú ilé ọmọ mi ni mo wà láti ìdájí. Ọmọ Yorùbá méjì àti ọkùnrin Zulu kan tí ó mọ ètò ni a rán. Mo wọ òfì mi, mo sì jókòó ti tẹlifóònù bí ẹni tí ó ń ṣọ́ aláboyún. Ọ̀sán pọ́n kí wọ́n tó pè. Wọ́n ní wọ́n dúró pẹ́ ní ẹnu ọ̀nà, pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà inú wọn ni ó pe Mntungwa tí àwọn ará inú ilé fi pa ẹ̀rín, tí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n gba apá kan owó náà, wọ́n ní èyí tí ó kù yóò máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n pè mí. KwaMashu ni wọ́n ń gbé, ìlú tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kọ́ fún àwọn tí wọ́n lé kúrò ní Cato Manor láti ọdún 1958. Kò sí koríko, kò sí ìlù: ilé bíríkì kékeré ni. Mo wọlé, mo sì jókòó kíákíá. Ìyá ìyá ọmọbìnrin náà, tí gbogbo ilé ń pè ní Gogo, pàtẹ́wọ́, ó bèèrè ẹni tí ó kọ́ mi. Mo sọ fún un. Ó ní òun kò dé abúlé àṣà rí, òun kò sì ní dé ibẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin ni òun nígbà tí wọ́n wó ilé òun. Ìjọba ní ìlú kì í ṣe ti ọmọ Zulu, pé kí ó padà sí abúlé rẹ̀, kí ó lọ máa ṣe àṣà rẹ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ àṣà, òun a kọ́kọ́ wo ọwọ́ ẹni náà bóyá ó mú kọ́kọ́rọ́ dání.

Lẹ́yìn èyí ni ó bi ọmọ mi léèrè pé, "Kí ni izithakazelo tiyín?" Ọmọ mi wo mí, mo wo ilẹ̀. Orílẹ̀ Ìkòyí ni wá, orílẹ̀ àwọn ológun. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ka bí ìlà mẹ́ta, mo sì gbàgbé. Èmi, olùkọ́ Yorùbá! Ọmọ mi kò mọ ẹyọ kan, nítorí n kò kọ́ ọ. Ìyá mi ni ó máa ń kì mí láàárọ̀. Nígbà tí ó kú, mo rò pé oríkì kò ní kú. Gogo kò bú wa. Ó kàn ní kí wọ́n bu omi fún mi mu.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ń kà á, mo ń kọ ọ́ títí ojú ìwé mẹ́rin fi kún. Aya ọmọ mi ni ó kọ́kọ́ há a sórí. Ó sì ti di ìṣe rẹ̀ láti máa fi kí ọkọ rẹ̀ láàárọ̀. Ahọ́n rẹ̀ kò yí àwọn ọ̀rọ̀ kan dáadáa, ṣùgbọ́n kì í fo ìlà kankan.

N kò ní bẹnu àtẹ́ lu abúlé àṣà. Bí n kò bá dé ibẹ̀, ǹ bá ti dúró gagaaga lé Gogo lórí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú ìlù rẹ̀ ni mo ti rí ohun tí mo wá lọ, abẹ́ igi ni, lọ́dọ̀ ẹni tí ó ti bọ́ ibheshu rẹ̀. Bí ẹ bá dé irú ibẹ̀, ẹ wo ijó, kí ẹ sì san owó yín. Lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó jó bí nǹkan ti rí nílé rẹ̀. Kí ẹ tó kúrò nílé tiyín pẹ̀lú, ẹ rí i pé ẹ mọ ohun tí ẹ ó sọ bí òun náà bá bi yín.